Fọkanáísà Tó Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ Lórí Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́, kó gbé táyà tó ń jò lọ bá a. Kò ní kọ́kọ́ kí ẹni náà. Táyà ni yóò kọ́kọ́ wò, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ojú aláìsàn. Yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú túùbù rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ rì sínú bàsíà omi, yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbì kan. "Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ rèé," ni yóò wí fún ihò náà. Ìgbà yẹn ló máa tó rántí pé èèyàn dúró níwájú òun, á wá ní, "Ẹ káàbọ̀."

Fọkanáísà ni. Abẹ́ páànù létí títì ló ti ń lẹ̀ táyà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ àdúgbò sì sọ ọ́ ní Bàbá Afẹ́fẹ́. Kì í kánjú. Yóò fi fáìlì ha etí ihò, yóò fi epo bẹntiróòlù nù ún, yóò fi gọ́ọ̀mù pa á, lẹ́yìn náà yóò wá jókòó, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìjókòó yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ká máa lọ, ẹ jọ̀ọ́!"

"Gọ́ọ̀mù tútù kì í mú nǹkan. Tó o bá ń kánjú, ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì ò jò, máa fi wọ́n rìn."

Wọ́n á bú u títí, á máa wo gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò rí ẹni tó gbé táyà padà wá rí pé ibi tí Bàbá Afẹ́fẹ́ lẹ̀ tú. Ohun tó bá ṣeé tún ṣe, á ní ó ṣeé tún ṣe. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe mọ́, á ní kí olówó rẹ̀ máa gbé e lọ. Ọkùnrin kan tó ń ta táyà tuntun lódìkejì títì wá bá a nígbà kan, ó ní kó máa sọ fún àwọn oníbàárà pé táyà wọn ti kú, kí àwọn jọ máa jẹ níbẹ̀. Ọkọ mi lé e jáde bí ẹni ń lé ewúrẹ́ tó wọ yàrá. Mo fi ìyẹn yangàn káàkiri àdúgbò. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi ń sọ pé ọkọ mi kì í purọ́ nídìí iṣẹ́. Báyìí, n kì í sọ ọ́ mọ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí, abẹ́ páànù yẹn náà ló ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá Kékeré ni àwọn dírẹ́bà ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Gọ́ọ̀mù ò ní tíì gbẹ, á ti lẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ á ya á kúrò, á ní kó tún un ṣe lójú oníbàárà. Ó máa ń dun ọmọ náà wọ eegun. Lọ́jọ́ kan ó ju fáìlì sílẹ̀.

"Bàbá mi, gbogbo ayé lẹ ti lẹ̀ táyà fún kí wọ́n lè máa lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ibo lẹ lọ?"

"Èmi? Mo ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, mo sì ń bá ìyá ẹ níbẹ̀."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Èmi wo ojú ọmọ mi, n ò rí àwàdà kankan níbẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi dágbére pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan. Ìgbà tí a máa gbúròó rẹ̀, ó ti wọ aṣálẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. A gbọ́ pé wọ́n tì wọ́n mọ́lé, a gbọ́ pé wọ́n tú wọn sílẹ̀, a tún gbọ́ pé wọ́n ti ń lọ. Tí mo bá ní kó padà wálé, á ní, "Màmá, ẹ̀yìn ti jìn ju iwájú lọ."

Ọ̀sán gangan ni ìpè yẹn wọlé. Mo gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi, ó ń bá táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan jà lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Èmi ni mo bá a di fóònù náà mú, mo tẹ ibi tí í mú kó sọ̀rọ̀ síta.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti dé etí òkun."

"Ṣé o ti jẹun?" Èmi ni mo bi í, kí bàbá rẹ̀ tó lanu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, owó orí fóònù yìí ò pọ̀. Ẹ jẹ́ n bá Bàbá sọ̀rọ̀ iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́! Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kó àwọn sọdá òkun, rọ́bà ni, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ sí i, bíi túùbù gbọọrọ méjì tí wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń kó èèyàn kọjá ní kò sí ọkọ̀ mìíràn: bí ẹnì kan bá lè lẹ̀ ẹ́, ọ̀la ni wọ́n ń wọ omi, bí kò bá ṣeé lẹ̀, kí gbogbo wọn padà sínú ìlú. Nínú gbogbo èrò náà, òun nìkan ló ti fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù rí.

"Rọ́bà wo ni?" ọkọ mi bi í. "Ṣé ó ń nà bíi túùbù?"

"Kò nà, Bàbá. Ó dà bí aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀."

"Gọ́ọ̀mù táyà ò ní mú un nígbà náà. Kí ni wọ́n ní níbẹ̀?"

"Agolo gọ́ọ̀mù kan bá ọkọ̀ náà wá. Ègé rọ́bà ẹ̀ náà wà."

Ọkọ mi fẹ̀yìn ti táyà. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti ń lẹ̀ ẹ́ lọ́kàn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù.

"Ẹ sọ fún un pé kò ṣeé lẹ̀."

"Ó ṣeé lẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó ṣeé lẹ̀! Ẹ ní kò ṣeé lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá. Irọ́ ẹyọ kan."

"Tí mo bá ní kò ṣeé lẹ̀, ẹlòmíì á lẹ̀ ẹ́ jákujàku."

"Ẹlòmíì wo? Ẹ ò gbọ́ pé òun nìkan ni?"

"Òun náà á lẹ̀ ẹ́ jákujàku. O ò mọ ọmọ ẹ ni?"

Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, ohùn ọmọ mi ń dún bí eṣinṣin inú ìgò. "Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Bàbá, ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Ọkọ mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó fi dúdú kun gbogbo ìka mi.

"Ó ṣeé lẹ̀. Fetí sílẹ̀. Má ṣe é lórí iyanrìn, tẹ́ nǹkan sábẹ́ ẹ. Fi omi tí kò níyọ̀ fọ ojú ibẹ̀, kó gbẹ. Ha ọkọ̀, ha ègé náà. Pa gọ́ọ̀mù sí méjèèjì, kó o jókòó. Tún un pa, kó o tún jókòó. Tó o bá lẹ̀ ẹ́ tán, gbé ìkòkò omi gbígbóná lé e kó tẹ̀ ẹ́."

"Wọ́n ń kánjú, Bàbá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa kánjú. Jókòó."

"Màá jókòó, sà."

Ìpè náà já. Mo gbé abọ́ oúnjẹ ọkọ mi padà sílé bó ṣe wà, n ò ṣí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Fóònù náà ò wọlé. Ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ní ká ti lọ béèrè rẹ̀ ní ká lọ sí òmíràn. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ bi mí ní orúkọ ọkọ̀ tí ọmọ mi wọ̀. Orúkọ ọkọ̀! Bí ẹni pé wọ́n sọ túùbù tí wọ́n so pọ̀ lórúkọ. Mo ní n ò mọ orúkọ ẹ̀, pé ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn ará ilé ní kí n má sunkún, pé ẹni tí a ò rí òkú rẹ̀ kò tíì kú. Àwọn yìí kan náà ló ń rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tí mo bá wọlé. Ẹ ò jẹ́ kí n sunkún, ẹ ò sì jẹ́ kí n sinmi.

Ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni onígbàjámọ̀ kan, ọ̀dọ́kùnrin, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òun àti ọmọ mi jọ wà nínú ọkọ̀ náà ni, wọ́n ti fi bàálù dá a padà sílé. Ó ní Ọ̀gá Kékeré ṣàpèjúwe ibẹ̀ fún òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò fi béèrè ọ̀nà. Ọkọ mi ránṣẹ́ pè mí. Onígbàjámọ̀ náà jókòó sórí táyà, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti rìn jìnnà, àwọn ò rí etí omi kankan mọ́ ní iwájú tàbí lẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà là. Ó ní Ọ̀gá Kékeré ló di pọ́ńpù mú, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ìgbà tí òun máa tún wo apá ibẹ̀, òun ò rí i mọ́.

N ò tíì lè mí tí ọkọ mi fi béèrè pé, "Ẹ̀gbẹ́ wo ló là? Ibi tó lẹ̀ ńkọ́, ṣé ó tú?"

Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá kọ́kọ́ béèrè o.

"Kò tú, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló là, níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀ látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ tó lẹ̀ yẹn ni àwa tó kù dì mú títí àwọn apẹja fi dé."

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá orúnkún, ó ní, "Ó jókòó. Ó jókòó kí gọ́ọ̀mù gbẹ." Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n ọmọ abiyamọ kan ló wà lórí táyà yẹn láàyè, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀? Mo bu omi fún un, ó mu ún, mo sìn ín dé títì. Ìgbà tí mo padà dé ni mo sọ ọ́.

"Ká ní ibi tó lẹ̀ tú létí omi ńkọ́, Bàbá? Ká ní ó lẹ̀ ẹ́ jákujàku, tó tú kí wọ́n tó wọ omi? Gbogbo wọn ni ì bá padà sínú ìlú. Onígbàjámọ̀ yẹn, ọmọ tiwa, gbogbo wọn."

"Wọ́n á wá ọkọ̀ mìíràn."

"Kí wọ́n wá a! Ìgbà tí wọ́n bá fi máa rí i, màá ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́."

Ó ki ọwọ́ bọ omi bàsíà, ó ń fọ̀ ọ́, dúdú ọwọ́ náà kò sì lọ. Ó ní, "Gbogbo ohun tí mo sọ fún un ló ṣe, Màmá. Kò fo ọ̀kan."

Òótọ́ ni. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, ó sì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń jà lórí gọ́ọ̀mù tútù, tí ọmọ náà kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó ya aláìgbọràn ló gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀.