Èjìká Nọ́ọ̀sì àti Ẹyẹ Tó Ń Pọn Ọmọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọkọ ṣe ń súni, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ó ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì náà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Ní báyìí, òun gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ fún láràárọ̀.

"Má mí," ọkọ rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí n má mí kẹ̀? Ṣé kí n kú ni?"

"Ta ló ní kí o kú? Ṣáà dá èémí dúró díẹ̀."

Etí adágún inú ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n wà, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ìrì ti rin bàtà Nọ́ọ̀sì gbindingbindin. Ó kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù àtijọ́ kan, ọkọ rẹ̀ sì gbé ẹnu kámẹ́rà gígùn lé e léjìká. Kì í ṣe pé wọn ò ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Ọmọ wọn obìnrin rà á ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Baba wò ó, ó ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń lo irú ẹ̀, ó sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Aṣọ ìnura ni Nọ́ọ̀sì ń sá sí i.

Ẹyẹ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jìyà yìí, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irun orí rẹ̀ ta sókè bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọmọ mẹ́ta ló ní, ojú wọn kún fún ilà dúdú àti funfun. Bí omi bá ti sú wọn, wọ́n á gun ẹ̀yìn ìyá wọn, ìyá á fi ìyẹ́ bò wọ́n, orí wọn nìkan ló máa yọ. Ó ń pọn wọ́n ni, kò sí ọ̀rọ̀ míì tí a lè pè é. Àmọ́ kì í pẹ́. Bí wọ́n bá ti pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn ìyá ò ní gbà wọ́n mọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, bóyá márùn-ún.

Baba sì ti sọ ọ́ nílé: bí òun ò bá rí ẹyọ àwòrán kan tó mọ́ kedere yà lọ́dún yìí, òun á fi kámẹ́rà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń gbé Nọ́ọ̀sì dìde lórí ibùsùn. Aago ni ọkọ rẹ̀ ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, Bàbá Aláago ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán to nọ́ọ̀tì tó kéré ju kóró ata lọ. Ọdún kejì rèé tó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní ojú ló ń dun òun. Láti ìgbà náà, kámẹ́rà yìí nìkan ló ń mú un jáde nílé. Bí kò bá sí i mọ́, àga pálọ̀ ló kù, àti ògiri tí yóò máa wò.

Ojú kọ́. Nọ́ọ̀sì ti mọ̀ láti ìgbà tí ife tíì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́ lórí àwo lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Obìnrin tó jókòó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún àìmọye ìyá ọlọ́mọ ní ilé ìwòsàn, nígbà tó kan ilé tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó ń bínú sí ara rẹ̀ lórí ìyẹn, ó sì ń kó ìbínú náà lé ẹyẹ lórí.

Ìyá ẹyẹ yọ lẹ́yìn koríko, ọmọ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kámẹ́rà ké ṣá, ṣá, ṣá. Baba wo ojú kámẹ́rà, ó pòṣé.

"Ó tún ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì, o mí!"

"Mi ò mí."

"O mí! Gbogbo ẹ̀ ló ṣú bàìbàì. Láti ọjọ́ tí a ti dé ibí lo ti ń mí."

Nǹkan já nínú Nọ́ọ̀sì. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, tìmùtìmù lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ.

"Ọwọ́ yín ni!" ó pariwo. "Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n! Kì í ṣe èjìká mi, kì í ṣe èémí mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń wò ó, ẹ sì ń sọ pé èmi ni mo ń mí!"

Ó kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Baba bọ́ okùn kámẹ́rà lọ́rùn, ó fi kọ́ ọrùn ìyàwó rẹ̀, ó bọ́ sí iwájú, ó sì kúnlẹ̀ sórí koríko tútù láìgbé nǹkan kan sábẹ́ orúnkún.

"Ó yá, ìwọ yà á. Èmi ni mo máa ṣe òpó."

"Mi ò mọ̀ ọ́n yà."

"Bọ́tìnnì òkè. Tẹ̀ ẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé kámẹ́rà lé e léjìká. Nínú ihò kékeré náà, ó rí ìyá ẹyẹ, ó rí orí kéékèèké méjì láàárín ìyẹ́, gbogbo wọn ń jó bí èjìká ọkọ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ìyá ẹyẹ mòòkùn sínú omi, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lójú omi bí ẹni tí kò bí nǹkan kan.

Baba gba kámẹ́rà, ó wo ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bàìbàì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ọ̀sì ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ó ti to èsì jọ sẹ́nu.

"Mi ò mí," ọkọ rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o tẹ̀ ẹ́, mi ò mí rárá."

Èsì tí Nọ́ọ̀sì tò jọ ò wúlò mọ́. Ó fà á dìde, wọ́n sì rìn lọ sílé. Àánú rẹ̀ ń ṣe é, inú sì ṣì ń bí i, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe wọlé, baba ò jókòó. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ká aṣọ ìnura kúrò lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n lé apá àga. Ó pẹ́ kí ó tó ká wọn tán.

"Ṣé wọ́n á ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn lọ́la?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n á wà níbẹ̀." Nọ́ọ̀sì kó aṣọ náà mọ́ra, ó yíjú sí ògiri kí ọkọ rẹ̀ má baà rí ojú òun. "Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ibo ni kí n wá máa sá aṣọ ìnura mi sí báyìí?"