Tata Lórí Ilẹ̀ Àánú

Ẹni tí kò bá tíì rí ọgbà ilá tí tata ti kọjá níbẹ̀, kó má bá mi jiyàn nípa ohun tí ẹnu kékeré lè ṣe.

Ìgbà ìjọba sójà ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ lórí rédíò pé ká fara dà á, nǹkan ń bọ̀ wá dáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ìjọba sì ní àwọn kò gba olùkọ́ mọ́. Mo di ẹrù mi, mo padà sọ́dọ̀ màmá mi ní Òrè, èmi tí mo ti ń fi ìwé mi yangàn káàkiri àdúgbò.

Màmá mi kò ní oko kòkó bíi ti àwọn ẹbí rẹ̀ ní Araròmí-Obù. Ọgbà ilá ló ní lẹ́yìn ilé, létí odò kékeré kan, tó fi ẹ̀gẹ́ yí ká. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ilá àwọn ẹlòmíràn bá ti gbẹ, ni tirẹ̀ máa ń so, àwọn olóúnjẹ tó ń tajà fún èrò ọkọ̀ Benin ní oríta á sì máa dúró dè é. Ilá yẹn là ń jẹ, òun náà là ń wọ̀. Tí ilá bá kú, ebi ló kàn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ kìíní tí mo dé ni tata dé. Kì í ṣe tata tí àwọn ọmọdé ń sun jẹ o. Èyí tí mò ń wí wọ aṣọ mèremère, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti dúdú, bí ẹni tó ń lọ sọ́dún. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Kò bẹ̀rù ẹnì kankan, torí òórùn ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí adìẹ fẹnu kàn án. Tó bá jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán, á tún bó èèpo igi rẹ̀.

A da eérú sórí ilá, wọ́n jẹ ewé teérúteérú. A gún ewé dòǹgóyárò, a wọ́n omi rẹ̀ sí i, wọ́n yàgò díẹ̀, wọ́n padà wá. Láàárọ̀, tí òtútù kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò, à ń fọwọ́ ṣà wọ́n sínú garawa omi ọṣẹ. Ọṣẹ sì wọ́n nígbà yẹn.

"Màmá," mo ní, "àwọn tata yìí ń wẹ̀ jù wá lọ."

"Dákẹ́, kóo máa ṣà wọ́n."

"Ẹ ò jẹ́ ká tọrọ oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Kí ni wọ́n tiẹ̀ kọ́ ẹ ní ilé ìwé yẹn? Ilá tí èèyàn máa jẹ lọ́la lo fẹ́ fún ní májèlé lónìí?"

Bó ṣe kó ẹjọ́ náà lọ sílé àdúrà nìyẹn. Aládùúrà ni wá, ṣọ́ọ̀ṣì wa kò sì jìnnà sí ọgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ilẹ̀ Àánú wà: yanrìn rírọ̀ lábẹ́ igi odán, tí a fi òdòdó ṣe ọgbà yí ká. Ẹnì kan kì í wọ bàtà débẹ̀, ọkọ́ kì í kàn án. Ẹni tí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀ á lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀. Màmá mi ló sì máa ń gbá a ní gbogbo ìdájí. Yorùbá inú Bíbélì ló fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ tata, á bọ́ sí Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, mi ò sì ní kọ ohun tó ń pè wọ́n síbí.

Ilá parun lọ́dún náà. Lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, mo gbọ́ ohùn màmá mi láti Ilẹ̀ Àánú láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Wá o! Bọ́ bàtà ẹ kóo wá wo nǹkan!"

Mo sáré lọ. Àfi bíi pé gbogbo tata Òrè àti Odígbó ló wá sí àpéjọ. Wọ́n bo Ilẹ̀ Àánú, èjìká kan èjìká, olúkúlùkù ti ìdí bọ yanrìn, ó ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Wọn kò jẹ nǹkan kan, wọn kò fò. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń rìn gba àárín òdòdó wọlé, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Màmá mi ti kúnlẹ̀. "Wọ́n wá túúbá," ó ní, omijé lójú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé o ò rí i pé wọ́n kúnlẹ̀ ni?"

"Ìdí ni wọ́n kì bọlẹ̀, Màmá, kì í ṣe orúnkún."

"Ẹni tó ń ronú pìwà dà, ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló fi ń kúnlẹ̀!"

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n kú síbẹ̀, ó gbá òkú wọn dànù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde jẹ́rìí, ìjọ hó yèè. Jálẹ̀ òjò, tata kan kò sí. Èmi ọ̀mọ̀wé náà ṣe àmín.

Ọ̀gbẹlẹ̀ padà. Ilá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé ni màmá mi rí nǹkan dúdú kan tó ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀, bí aṣọ ọ̀fọ̀ tí ẹnì kan ń fà. Àwọn ọmọ tata ni, kékeré bíi hóró ata. A tọ ipa wọn padà títí a fi dé ojú yanrìn wa, ibi tí wọ́n ti ń yọ bí omi tó ń hó.

Màmá mi jókòó sílẹ̀. "Kì í ṣe àánú ni wọ́n wá tọrọ," ó ní. "Ẹyin ni wọ́n wá yé."

Wọ́n jẹ ọgbà náà débi gbòǹgbò. Gààrí tí àwọn ará Araròmí-Obù bù fún wa la fi gbé ọdún náà já. Hóró ilá tó kù kò ju ìkúnwọ́ kan lọ, òjò sì tún ti ń kùn. Tata tún wọlé sí Ilẹ̀ Àánú, wọ́n tún kì ìdí bọ yanrìn. Bí ẹyin wọn bá tún di ọmọ, kò sí irúgbìn mọ́, kò sí ọgbà mọ́.

Màmá mi gbé ọkọ́ lé èjìká, ó lọ bá wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo tẹ̀ lé e.

"Wòlíì, mo fẹ́ gbẹ́ Ilẹ̀ Àánú."

Wòlíì wo ọkọ́, ó wo màmá mi. "Ìyá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ jẹ́rìí pé wọ́n túúbá?"

"Èmi ni. Mo ti wá jẹ́rìí òmíràn: irọ́ ni wọ́n pa fún mi."

Mo rò pé wòlíì yóò lé wa jáde. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gẹ́ tèmi náà kò ku ewé kan." Ó dìde, ó ń ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ bàtà o!"

Ẹsẹ̀ lásán la fi gbẹ́ ilẹ̀ náà, àdúrà lẹ́nu wa. Nínú yanrìn, àpò kéékèèké ló kún bíi ẹ̀pà, a kàn ń hú wọn jáde ni. Màmá mi fọ́ ọ̀kan. Ẹyin pupa rẹ́súrẹ́sú ló wà nínú rẹ̀, wọ́n dà bí ìrẹsì, ìyá wọn sì fi ìfófòó tó ti gbẹ wé wọn kí omi má baà kàn wọ́n. Ó gbé e sójú oòrùn, ó ń yí i wò.

"Ta ló kọ́ ọ?" ó ń béèrè nípa tata tó yé wọn. "Kò nílé, kò nílé ìwé, ta ló sọ fún un pé ibí yìí nìkan ni ọkọ́ kì í dé?"

Wòlíì tún hú àpò mìíràn jáde.

Màmá mi da ẹyin náà sórí ilẹ̀ gbígbóná pẹ̀lú àwọn yòókù, kí oòrùn gbẹ wọ́n. Ó tún gbé ọkọ́.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, tata mélòó kan rìn wá láti ọ̀nà ibòmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ká wọn. Ilá so. Èmi ni mo ru agbọ̀n kìíní dé oríta, màmá mi ń lọ níwájú bí ìyàwó ọ̀gá sójà.

"Ìyá ilá!" olóúnjẹ kan pariwo. "A rò pé ilá yín ti parun! Ta lẹ bẹ̀?"

"Ọlọ́run ni. Ọkọ́ ló gbé lé mi lọ́wọ́."

"Ẹ ṣáà gbé agbọ̀n yẹn kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ọkọ̀ Benin ti dúró, ebi ń pa wọ́n."