Ọmọ Tí Orúkọ Rẹ̀ Kẹ́yìn Nínú Rẹ́jísítà

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin, sílé wa ní Ayétòrò. Ikú ìyá mi kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Nínú ìdílé wa, ọmọbìnrin tí a bá bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, orúkọ kan ló ń dúró dè é: orúkọ tó ń sọ pé ìyá ti padà wálé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó tọ́jú ìyá wa títí dé òpin, ti wá láti Afọ̀n kí ó lè pe orúkọ náà lọ́jọ́ kẹjọ. Bí ó bá ti ń wẹ ọmọ ni ó ń pè é sí i létí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, ìyàwó wa kúnlẹ̀ níwájú mi, fóònù lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibí yìí.”

Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ènìyàn ni a fi ń mọ ìwà rẹ̀. A jẹ́ aṣáájú. Y, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ tí à ń retí yìí, jẹ́ olóríkunkun, ẹni tí kì í lọ́rẹ̀ẹ́.

“Mi ò kọ orúkọ náà o,” ló wí. “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣé a ò lè fi òmíràn ṣáájú?”

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

“Ṣé fóònù ló rọbí ọmọ yìí ni?”

“Màmá, ẹ má bínú.”

“Inú ò bí mi. Ìyá mi nìkan lẹ fẹ́ tún sin lẹ́ẹ̀kejì.” Ó yíjú sí mi. “Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé. Dá sí i!”

Ǹ bá rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n èmi náà ti gba irú rẹ̀ gbọ́ rí, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Ifọ́nyìntẹ́dó, bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò ni mo ń to orúkọ àwọn ọmọ sínú rẹ́jísítà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn náà ni mo ń tẹ̀ lé láti mọ ẹni tí yóò kàwé sókè àti ẹni tí yóò jáde sí pátákó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ pé àwọn ọmọ A já fáfá, àti pé ojú máa ń ti àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló kẹ́yìn nínú wọn, orúkọ tí à ń jà lé lórí yìí gan-an ló ń jẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé: “Ó dákẹ́ jù.”

Ní ọdún kan, òjò ba rẹ́jísítà náà jẹ́. Kí òmíràn tó dé, mo ń pè wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó, láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ọmọ yìí wà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn yòókù náà dáhùn! Lẹ́tà rẹ̀ kò yí padà. Tẹ́lẹ̀, agogo ló máa ń dún kí ó tó kàn án. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un títí ó fi jáde.

Ìyàwó wa fi fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi ló kọjú sí.

“Màmá, irú ènìyàn wo ni ìyá yín?”

Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́, ó jókòó.

“Olóríkunkun ni. Fóònù ò parọ́ níbẹ̀yẹn.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. “Obìnrin kan wá láti òdì kejì bọ́dà, ó bímọ sí àdúgbò wa, kò lẹ́nì kankan. A ní kí ìyá mi má lọ, a ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ká ẹní rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Àfìgbà tí ìwọ́ ọmọ já ló tó padà wálé.”

“Bó bá jẹ́ irú oríkunkun yẹn ni, mo fẹ́ ẹ fún ọmọ mi,” ni ìyàwó wa wí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́, tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ náà sókè láàrin ẹbí, ìyàwó wa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun náà bá a pè é. Àwọn méjèèjì ló jọ pe orúkọ náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àṣìṣe mi kọ́gbọ́n. Kí ẹ tó sọ pé bí ọmọ kan ṣe rí nìyí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ ti fún un láyè láti sọ̀rọ̀.