Màámi Jẹ Sàárì Lọ Síbi Àyẹ̀wò Inú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n sọ ohun tójú mi rí pẹ̀lú Màámi, nítorí mi ò lè dá a gbé mọ́. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín níbì kan, mo ti forí jì yín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó bú sẹ́kún. Ẹ má sì bínú pé mò ń pe Màámi ní "ó" o, Ìjẹ̀bú ni wá!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Màámi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ mọ̀ pé obì ló ń tà, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni inú ti ń run ún. Bó bá jẹun díẹ̀, á di àyà mú, á ní oúnjẹ náà ò lọ. Ó ń rù. Bùbá tó máa ń fún un tẹ́lẹ̀ wá ń bọ́ léjìká rẹ̀. Agbo ń kọ́? Ó mu ún. Oògùn kẹ́míìsì ń kọ́? Ó lò ó títí. Gbogbo ẹni tó bá yọjú ló ń sọ pé ọgbẹ́ inú lásán ni, kó má jẹ ata.

Ọjọ́ tó sọ fún mi pé ìgbẹ́ òun ti dúdú bí èédú lẹ̀rù bà mí. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá kan. Dókítà ní àfi káwọn fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Endoscopy ni wọ́n ń pè é: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí, ẹnu ni wọ́n máa gbà tì í dé inú ikùn. Ó ní bóyá ọgbẹ́ ni, bóyá nǹkan mìíràn ló ń hù níbẹ̀. Nǹkan mìíràn wo? Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ẹ̀ nínú wa.

Nọ́ọ̀sì wá sọ fún un pé lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún àyẹ̀wò náà, kó má jẹun, inú òfìfo ni kó gbé wá. Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìyẹn náà ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba òun, òun tí òun ti ń gba ààwẹ̀ láti kékeré! Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè tí mò ń gbé, ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tọ́jọ́ pé, mo gba ọ̀nà Òrù lọ mú un láàárọ̀. Ó ti wọṣọ funfun, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní ṣé orí mi pé, ṣebí òun wà nínú ààwẹ̀!

A dúró, a dúró. Wọ́n pè é wọlé, ó tilẹ̀ ti dùbúlẹ̀, kí dókítà tó bi í ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Màámi yangàn dá a lóhùn pé láti ìgbà sàárì ni o, nǹkan kan ò tún kan òun lẹ́nu mọ́.

Sàárì kẹ̀?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa, ta ló ń gba ààwẹ̀ láìjẹ sàárì? Màámi ti jí ṣáájú ìrun Àsùbáà, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ àná kaná, ó sì jẹ ẹ́ tẹja-tẹja. Ẹni tóúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀! Ó ní tipátipá lòun fi gbé e mì, káàwẹ̀ náà lè pé.

Dókítà ò bínú. Ó ṣàlàyé pé bóúnjẹ bá ṣì wà nínú, ó lè padà sókè nígbà tí kámẹ́rà bá wọlé, kó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, èèyàn sì lè tibẹ̀ kú. Ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ọjọ́ kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀! Àmọ́ kí ni ọkùnrin náà fẹ́ ṣe?

Bá a ṣe jáde, mo ra búrẹ́dì rírọ̀ àti tíì. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí àyẹ̀wò ti bọ́, kó jọ̀ọ́ jẹ nǹkan. Ó mirí. Ó ní òun ti mú àníyàn ààwẹ̀, òun ò ní já a. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní àníyàn wo, ṣebí torí kámẹ́rà ni! Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. Ó ní kì í ṣe torí kámẹ́rà nìkan. Ó ní bí wọ́n ti sọ pé kóun má jẹun, òun wò ó pé kóun kúkú fi gba ààwẹ̀ fún Ọlọ́hun, kí Ó má jẹ́ kó jẹ́ ohun tó ń pani ni wọ́n máa bá nínú òun.

Tíì náà tutù sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ mi ò ká àìsàn, kò ká dókítà, kò sì ká ààwẹ̀. Mo kàn ń wò ó níran ni. Ó gbé ààwẹ̀ náà dé ìrun Màgàríbà kó tó ṣínu.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo sùn tì í. Bó ṣe jí, ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi. Ó ní òun kàn ń wò ó ni o. A jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n ṣe é. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bí èébì ṣe ń gbé e, mo fọwọ́ di etí. Dókítà ní àwọn rí ọgbẹ́ kan tó fẹ̀, etí ọgbẹ́ náà ò sì tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Èsì ò tíì jáde.

Ẹ̀yin ará, bí ilé ìwòsàn bá ní kí òbí yín má jẹun, ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ ní kí òbí náà fẹnu ara wọn ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ṣe láti ìrọ̀lẹ́ títí dàárọ̀. Ẹ dárúkọ sàárì. Ẹ dárúkọ gaàrí, agbo, obì, gbogbo ẹ̀ pátá! Bí ìgbẹ́ bá sì dúdú, tóúnjẹ ò lọ, ẹ sáré lọ wò ó, ẹ má jókòó ti agbo bíi tiwa. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣèmi nìkan. Ẹ sì bá mi ṣàdúà fún Màámi.

Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní bí èsì bá jáde, kí n má fi pa mọ́ fún òun, òun lòun ni inú. Mo ní mo ti gbọ́. Ó wá ní òun tún fẹ́ gba ààwẹ̀ lọ́la, nítorí èsì náà. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo ní kó má gbàgbé sàárì.