Ìkíni Ìdí Ayùn

Ní sọ́mìílì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìwó, bí ayùn bá ń dún, a kì í kí ara wa. Òfin ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ní gàdàgbà pé: MÁ KÍ ẸNI TÓ WÀ NÍDÌÍ AYÙN. Wọ́n tún fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà yí ẹ̀rọ náà ká. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ nínú ìlà yẹn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bó o bá ní ọ̀rọ̀, wàá dúró síta títí igi tó wà lórí tábìlì á fi tán, tí ayùn á dákẹ́, kó o tó lanu.

Mánéjà wa, Àǹtí Bọ́lá, ló mú òfin náà wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kà á fún wa, ẹ̀rín la fi wọ́n rín. Jímọ̀ tá a jọ ń gbé igi bi wọ́n pé, "Mà, bí bàbá tó bí mi lọ́mọ bá wá ra pákó ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Bàbá rẹ á dúró sẹ́yìn ìlà."

A tún rẹ́rìn-ín. Ní ìlú tí wọ́n ti máa ń bi ọmọdé pé ilé wo ló ti jáde bí kò bá kí èèyàn, ta ló fẹ́ gbọ́ irú èyí?

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni ọ̀gá mi, Bàbá Káfáyà. Àwọn ló ń lo ayùn ńlá róbótó tó ń la igi sí pákó. Àwọn náà ló kọ́ mi níṣẹ́ látìgbà tí mo ti fi ilé ìwé girama sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Èmi máa ń dúró lódìkejì tábìlì, màá máa gba pákó tí wọ́n bá ti là. Wọ́n kọ́ mi láti máa fetí sí ayùn. Bó bá ń jẹ igi tútù, ohùn rẹ̀ á wúwo. Bó bá kan kókó inú igi, á han gooro. Wọ́n á ní, "Wàsíù, bí ayùn bá ń dún, kà mí mọ́ òkú. Tó bá dákẹ́, mo ti jí nìyẹn, ká wá máa kí ara wa."

Káfáyà ni ọmọ wọn obìnrin. Ó máa ń gbé oúnjẹ wá fún wọn lọ́sàn-án, ibẹ̀ la ti mọra. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn mi lọ rí àwọn èèyàn rẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, àfi ẹ̀gbọ́n Bàbá Káfáyà tó ń gbé ní Olúpọ̀nnà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olúpọ̀nnà. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀ níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ọmọ sọ́mìílì? Ṣé àwọn tó máa ń wo àgbà bí ẹni ń wo ìtì igi nìyí?"

Bàbá Káfáyà ṣàlàyé òfin náà fún wọn. Bàbá Olúpọ̀nnà ní òfin yẹn wà fún àwọn ará ìta, kò kan àna.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Bàbá Olúpọ̀nnà wá ra igi òrùlé. Bàbá Káfáyà wà nídìí ayùn. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi tí mo ti ń di pákó sínú ọkọ̀, ẹlòmíì ló ń bá mi gba igi. Bàbá Olúpọ̀nnà dúró sẹ́yìn ìlà pẹ̀lú Jímọ̀ àtàwọn oníbàárà méjì kan.

"Wàsíù, o ti kí àna rẹ láàárọ̀ yìí?"

"Wọ́n wà nídìí ayùn, sà."

Wọ́n pòṣé, wọ́n yíjú sáwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Jímọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Wàsíù, ìyàwó ti ń lọ o."

Igi tó kù lórí tábìlì kò ju gígùn apá lọ. Ká ní mo dúró díẹ̀ ni, ì bá ti tán. Mo rí i pé ó kù díẹ̀. Síbẹ̀ mo kọjá ìlà, mo na gbalaja sínú ìyẹ̀fun igi, mo sì pariwo ju ayùn lọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Kì í ṣe Bàbá Káfáyà ni mo ń kí. Mo fẹ́ kí Bàbá Olúpọ̀nnà gbọ́ ni.

Ojú mi wà nílẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo gbọ́ tí Bàbá Káfáyà ní, "Ọkọ ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ni ohùn ayùn yí padà. Kì í ṣe ohùn igi tútù, kì í sì í ṣe ti kókó igi.

Ìka mẹ́ta ló lọ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Jímọ̀ ló sáré pa ẹ̀rọ. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi dì wọ́n lọ́wọ́, mo sì gbé ọwọ́ náà sókè nínú ọkọ̀ Àǹtí Bọ́lá títí a fi dé ọsibítù. Bàbá kò sunkún. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n ti pa ayùn? Kó má lọ mú ẹlòmíì o."

Àǹtí Bọ́lá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o mọ òfin?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Wọ́n ń wò mí ni, mà."

Wọ́n padà wọlé lọ bá dókítà.

Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Àwọn èèyàn ń wá kí Bàbá Káfáyà lọ́sibítù, wọ́n sì ń yìn mí. Bàbá Olúpọ̀nnà pàápàá ní kádàrá ni, pé ó kúkú ti hàn sí gbogbo ayé pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Dìde, Wàsíù. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ti tó."

Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ wọn padà, n kò ní bínú.

Wọ́n ní, "Ṣé Káfáyà ló wà nídìí ayùn ni?"

Lọ́jọ́ yìgì wa, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé lé mi lórí láti ṣàdúrà. Mo mọ ibi tí ìka wà lórí mi, mo sì mọ ibi tí kò sí. Gbogbo èèyàn ń ṣe àmín.

Bàbá Káfáyà kò lè la igi mọ́. Ẹ̀yìn ìlà ni Àǹtí Bọ́lá fi wọ́n sí, pé kí wọ́n máa dá àwọn èèyàn dúró, èmi ni mo sì wà nídìí ayùn báyìí. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti jẹ sìmẹ́ńtì ni mo ń dúró sí. Àwọn kan máa ń kí mi kú oríire iṣẹ́. Ńṣe ni màá tan ẹ̀rọ.

Láìpẹ́ yìí, lọ́jọ́ tí Bàbá Káfáyà kò wá síbi iṣẹ́, Bàbá Olúpọ̀nnà yọ sí mi. Wọ́n dúró sẹ́yìn ìlà, wọ́n ń pè mí, wọ́n ń kí mi. N kò yíjú, n kò dáhùn. Mo la igi náà tán, mo pa ẹ̀rọ, mo sì sáré jáde lọ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti gun ọ̀kadà lọ tìbínútìbínú.

Ilé Bàbá Káfáyà ni wọ́n gbà lọ láti fẹjọ́ sùn. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, òun ló sọ fún mi.

"Ọkọ ọmọ rẹ ò dá mi lóhùn. Mo kí i títí, ó ń wo igi."

Bàbá bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ayùn ń dún?"

"Ó ń dún."

"Káfáyà, bu omi tútù wá fún bàbá rẹ."

Bí ìyàwó mi ṣe ń sọ ọ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè bá a rín in. Gbogbo ohun tí mo ṣe kò ju pé mo dákẹ́ títí igi fi tán. Kò nira rárá. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín.