Àpá Ẹ̀gbẹ́ Ahọ́n Mi

Òórùn ẹja yíyan àti ti omi ọ̀sà ló gba Tópò, abúlé wa létí ọ̀sà, kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ mi wú, orí sì ń fọ́ mi láti àná; ìwọ tó ti bímọ náà mọ bí a ṣe máa ń fi irú rẹ̀ ṣeré. Mo bẹ̀rẹ̀ láti yí ẹja padà. Ohun tí mo rántí mọ nìyẹn.

Nígbà tí mo lajú nílé ìwòsàn ní Àgbádárìgì, ọmọbìnrin mi ti dáyé, ahọ́n mi sì wú débi pé n kò lè pe orúkọ Jésù. Ètè mi ya, eyín iwájú kan kán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti rí ẹnu náà kí n tó jí, ó sì ti pe ọlọ́pàá pé ọkọ mi lù mí. Ọkọ mi ní gìrì ló mú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Gìrì wo ló ń ju ẹ̀ṣẹ́?"

Ẹkún ni mò ń sun, nítorí n kò rántí ohun tí mo lè fi gba ọkọ mi sílẹ̀.

Dókítà obìnrin tó tọ́jú mi ní kí ọlọ́pàá dúró ná. Ó tan iná sí mi lẹ́nu, ó sì fi han ẹ̀gbọ́n mi: ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni ọgbẹ́ wà, pẹ̀lú ojú eyín èmi fúnra mi, bí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá gìrì sí lára ṣe máa ń gé ara rẹ̀ jẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò wú, kò bó. Ó wá tọ́ka sí ètè tó ya àti eyín tó kán, ó sì béèrè ẹni tó ki nǹkan bọ̀ mí lẹ́nu.

Ìyá ọkọ mi, tó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, dìde. Ó fa ọmọrogùn tó gbá mú láti Tópò yọ lábẹ́ ìborùn. Ó ní ìdí ọmọrogùn náà lòun fi la eyín mi, kí n má baà gé ahọ́n mi jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní Màmá kàn fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Màmá na igi náà sí i. "Àna mi, ẹ gbà, ẹ wò ó. Ṣé ọmọ mi ló gé igi jẹ?"

Dókítà fi ojú eyín ara igi wé eyín mi. Wọ́n bára mu. Ó rọra kìlọ̀ fún Màmá pé nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀, kí wọ́n má ki nǹkankan bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Màmá ní, "Ìgbà mìíràn kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi níwájú ọlọ́pàá. Ọkọ mi fà á dìde, ó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Títí di òní, mo ń fi àwọn méjèèjì yangàn, ìyá àti ọmọ rẹ̀. Bí mo bá ń ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ, àpá ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi a máa ha eyín kíkán yẹn. Ọlọ́run fi ẹnu tí kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́rìí fún aláìṣẹ̀. Ẹnu yẹn náà ni mo fi ń yìn ín.