Ọmọ Sùkúù Tó Ń Ti Géètì Mọ́ Ara Rẹ̀

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ mi ló ní kí n sọ ọ́, òun á máa kọ ọ́. Mo bi í pé kí ló fẹ́ rí nínú rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà sọ. Ó dáa. Kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi nǹkan kan sí i.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu tó wà lódìkejì bọ́dà, níbi tí Faransé ti ṣèjọba nígbà kan. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Yorùbá náà ni mo sọ wọ Abẹ́òkúta, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu báyìí, wọ́n á ní, "Àgànyìn ni." Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀, ni mo bá rí iṣẹ́ géètì ní sùkúù aládàáni kan l'Ọ́bàntókò. Wọ́n fún mi ní yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ibẹ̀ ni mò ń sùn, ibẹ̀ ni mo ti ń dáná. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, yàrá náà bọ́ nìyẹn. Ní Kétu, àwọn tó mọ̀ mí ti kú tán.

Mi ò wọ sùkúù rí. Ìwé tí mo mọ̀ ò ju ti ara ọkọ̀ lọ. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé, mo gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni mò ń yà á bí ẹni ń ya àwòrán: lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Nígbà tó yá mo mọ orúkọ wọn. Lẹ́tà ńlá nìkan o. Lẹ́tà kékeré ò sí lára ọkọ̀.

Ọdún kẹta rèé tí insipẹ́kítọ̀ kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ mú sàtífíkéètì wá. Àwọn tíṣà mú tiwọn. Dírẹ́bà mú tiẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ mú tiẹ̀. Ó kàn mí, mo mú tọ́ọ̀ṣì àti kọ́kọ́rọ́ jáde.

"Bàbá, sàtífíkéètì pírámárì síìsì ni mo wí."

Mo ní mi ò ní in.

"Báwo lẹ ṣe wá ń ti géètì?"

Mo fi hàn án. Mo tì í, mo ṣí i, mo tún tì í. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun ń béèrè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí táàmù kẹta bá parí tí mi ò bá ní ìwé, kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Màdámù tó ni sùkúù, tíṣà ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Irọ́ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan dábàá pé kí wọ́n bá mi wá ayédèrú ìwé. Màdámù wò ó títí onítọ̀hún fi rọra jáde nínú ọ́fíìsì. Sùkúù àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́, ọdún méjì gbáko ni, insipẹ́kítọ̀ ò sì ní dúró de ọdún méjì. Màdámù bá yíjú sí mi.

"Bàbá, kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé yìí?"

"Wọ́n ń kàwé, mà."

"Ó dáa. Ẹ wọlé lọ́la."

Bí mo ṣe di ọmọ pírámárì síìsì nìyẹn, nítorí kíláàsì yẹn nìkan ló ń ṣe ìdánwò. Wọ́n rán ṣẹ́ẹ̀tì sùkúù fún mi, alápótíàpótí, bíi ti àwọn ọmọ. Màdámù yọ̀ǹda fún mi kí n má wọ ṣòkòtò péńpé.

Igbákejì Màdámù ló ń kọ́ kíláàsì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ àgbà á bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n òfin ò ṣeé bá a ṣeré. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta, mo nawọ́ sókè.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà wo ló kàn?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. "Orúkọ èèyàn kì í ní nọ́ńbà, sà."

"Báwo ni wọ́n á ṣe wá dá mi mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíì?"

Ó ronú sí i. Ó ní kí n ṣáà máa kọ lẹ́tà lọ.

Ìyẹn ò le. Àárọ̀ ló le. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń ti géètì, aago méje ààbọ̀ náà ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìlà. Èmi ni mò ń tì í. Bí mo bá tì í tán, tí mo rìn dé orí ìlà, wọ́n ti ń kọrin lọ.

"Bàbá, ẹ pẹ́," tíṣà wí.

"Géètì ni mò ń tì, sà."

"Gbogbo ẹni tó ń pẹ́ ló ní ohun tó ń ṣe, sà. Ẹ lọ kọ orúkọ yín sínú ìwé àwọn tó pẹ́."

Ta ló ń tọ́jú ìwé àwọn tó pẹ́? Èmi náà ni. Mo padà lọ sí géètì, mo gbé ìwé jáde, mo bi ara mi léèrè ohun tó dá mi dúró, mo kọ orúkọ mi. Àkọ́kọ́ rèé tí màá kọ ọ́ pé. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé kíláàsì, mo tún ti pẹ́.

Tí ọmọ bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò mú òbí wá. Mo ní àwọn òbí mi ti kú. Tíṣà ní kí n mú ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ wá. Mo bá ránṣẹ́ pe ọmọ mi obìnrin ní Ọ̀fàdà, ìyá ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, tó ń bọ ìrẹsì níbẹ̀. Ó dé sẹ́nu géètì, kò rẹ́ni ṣí i fún un, torí pé mo wà ní kíláàsì. Mo gbọ́ tó ń kanlẹ̀kùn. Mo nawọ́ sókè pé kí n jáde. Tíṣà ní mo ti jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó kanlẹ̀kùn títí aago ìsinmi fi lù, mo wá lọ ṣí i fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Wọ́n ní kí n wá."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ìgbà kẹta rèé tí Bàbá ń pẹ́."

"Háà! Wọ́n máa ń tètè jí o, sà. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń tètè jí."

"Ta ló wá ń dá wọn dúró?"

Ọmọ mi yíjú sí mi. "Bàbá, ta ló ń dá yín dúró?"

"Géètì ni."

"Ta ló ń tì í?"

"Èmi ni."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. N ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Tíṣà gbà pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní òfin ò mọ ìyẹn. Ó ní kó fọwọ́ sí ìwé pé yóò bá mi wí. Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo sìn ín dé ìta, ó ní, "Bàbá, ẹ fi ìyà yìí sílẹ̀. Ẹ wá máa bá mi lé ẹyẹ lóko ìrẹsì."

Mo ní, "Ẹyẹ náà á béèrè sàtífíkéètì."

Ó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ máa bọ́ mi. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ nìyẹn.

Ó wá kan fọ́ọ̀mù ìdánwò. Tíṣà ń kọ ọ́, mò ń dáhùn.

"Ìpínlẹ̀ wo?"

"Kétu."

"Kò sí Kétu níbí, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ Ògùn. Ta ló máa mọ̀? Yorùbá yín jinlẹ̀ ju tèmi lọ."

"Wọn ò bí mi sí Ògùn."

Ó gbé e lọ bá Màdámù. Màdámù mú bírò, ó kọ Kétu sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, níbi tí kò sí ìlà.

Sùkúù aládàáni mìíràn ni wọ́n ti ṣe ìdánwò. Géètìmáànù ibẹ̀ nawọ́ dá mi dúró.

"Ẹ̀yin òbí, ìta lẹ máa wà."

"Èmi ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò."

Ó wo irun funfun mi, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì sùkúù. "Bàbá, tí mo bá gbà yín wọlé, iṣẹ́ mi á lọ. Ẹ lọ jókòó lábẹ́ igi."

Mi ò bínú. Èmi náà ò ní gba irú mi wọlé. Mo lọ jókòó sáàárín àwọn òbí. Obìnrin kan kí mi, ó ní, "Ọmọ tiyín ńkọ́, sà?"

"Ó wà ní Ọ̀fàdà, ó ń bọ ìrẹsì."

"Kò wá ṣe ìdánwò ni?"

"Èmi ni mo wá."

Ó rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Aago lù. Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn, mo na ìwé ìdánwò mi tó ní fọ́tò sí i. Ó gbà á, ó dorí ìwé náà kodò, ó ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ohùn rẹ̀ náà, ohùn ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ni.

Mo ní, "Ṣé insipẹ́kítọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ti dé."

"Kí ló wí?"

"Ó ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀..." Kò parí ẹ̀. Ó tún wo ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó wá ṣí géètì náà gbayawu, apá méjèèjì, bí ẹni pé ọkọ̀ ló fẹ́ wọlé.

Ìdánwò ọ̀hún, lẹ́tà ńlá ni wọ́n tò síbẹ̀, A, B, C, D, kí èèyàn fi pẹ́ńsùlù kun èyí tó bá mọ̀. Ìṣirò, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kù, mo kùn wọ́n bí Ọlọ́run ṣe darí ọwọ́ mi.

Mo yege. Màdámù jó nínú ọ́fíìsì, tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún mi. Insipẹ́kítọ̀ ìjọ́sí padà wá, ó gbé sàtífíkéètì mi sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ kú oríire. Ẹ wò ó, ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ yìí." Bó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ló rí Kétu tí wọ́n dà kọ sí i láti inú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó yọ fọ́ọ̀mù mìíràn nínú báàgì.

"Àlejò ni yín. Ìwé tí àlejò bá mú wá, a gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀, kí wọ́n jẹ́rìí pé òótọ́ ni."

Màdámù ní, "Níbí ló ti gbà á! Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i!"

"Mo mọ̀, mà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jẹ́rìí sí i fúnra mi."

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ igbe Màdámù. Ó ní ọmọ òun wà ní Kánádà, nọ́ọ̀sì tó ti gbẹ̀bí tí kò níye, wọ́n ní ìwé rẹ̀ ò kájú òṣùwọ̀n wọn, ó ń pààrọ̀ ìlédìí fún arúgbó, ó sì ń padà lọ kàwé tó ti kà. Ó ní òun rò pé òtútù ló ń dà wọ́n láàmú lọ́hùn-ún, àṣé ó wà l'Ábẹ́òkúta náà. Insipẹ́kítọ̀ wo ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́, pé tí èsì ò bá tíì dé, mo lè máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Èsì ò dé. Táàmù tó kọjá, insipẹ́kítọ̀ wá, ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n ti fèsì?" Mo ní wọn ò tíì fèsì. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì lọ.

Géètìmáànù kejì yẹn, òun náà ti wọ pírámárì síìsì. Ó wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ dání. Ó ní tíṣà òun ní kóun kọ Ògùn.

Mo ní, "Ibo ni wọ́n bí ọ sí?"

Ó ní, "Sákétẹ́, lódìkejì bọ́dà."

"Kọ Sákétẹ́."

"Wọn ò ní lé mi?"

Mo ní, "Wọn ò tíì lé mi."